Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Tọ́jú Ẹ̀ka Ọjà ní Sùpámákẹ́ẹ̀tì Èkó

Ẹ̀yin àbúrò wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú ìdúró. Inú dánfó láti Ọ̀ṣòdì lẹ ti ń ka èyí ni o, inú BRT láti Ìkòròdú ni o, tàbí lórí páálí mílíìkì nínú sítọ́ọ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ẹ fún wa láyè díẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń to yógọ́ọ̀tì sínú fíríìjì ní Súrùlérè, tí ẹ ń wọn ẹja dídì ní Ajah, tí ẹ ń ṣa tòmátò rírọ̀ kúrò láàárín èyí tó le ní Ìkẹjà, tí ẹ ń pààrọ̀ ìwé iye owó lójú ṣẹ́ẹ̀fù kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Iṣẹ́ yẹn ń gba agbára, owó tó ń tibẹ̀ wá kò sì tó iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó náà la torí ẹ̀ kọ̀wé.

Ohun kan la fẹ́ kó yé yín. Ọ̀gá kì í sanwó lórí ohun tí kò rí. Ọdún tí ẹ ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò rí i nínú ìṣirò rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ yín, ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ló ń bẹ̀ ẹ́. Bébà kan tó fi iye náírà tí ẹ̀ka yín kò pàdánù mọ́ hàn, láti ìgbà tó ti wà lọ́wọ́ yín, ìyẹn ni máníjà lè mú lọ bá ẹni tó ni ilé ìtajà láti fi gba owó fún yín. A máa sọ bí ẹ ṣe lè ní bébà yẹn lọ́wọ́ láàárín oṣù 3, a ó sì sọ ohun tí òfin ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn nínú owó tí ẹ ti ń gbà.

Ẹ jẹ́ ká mú ike yógọ́ọ̀tì kan. Ká ní ₦1,700 ni wọ́n rà á, ₦2,000 ni wọ́n ń tà á. ₦300 ni èrè orí rẹ̀, kí wọ́n tó yọ owó iná, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ilé. Bí ike kan bá kọjá ọjọ́ rẹ̀ tó di ohun à ń dà nù, ₦1,700 ló bá a lọ. Kí ₦1,700 yẹn tó padà sápò, ike 6 mìíràn ni wọ́n máa tà láìjẹ èrè. Ike kan bàjẹ́, ike mẹ́fà ń san gbèsè rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò jẹ́ kí ike 30 bàjẹ́ lóṣù kan, iṣẹ́ ẹni tó ta ike 170 ló ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún un, torí pé ohun tí kò bàjẹ́ kì í hàn sójú.

Kó lè hàn, ẹ ra ìwé eléwé 60 kan. Ẹ fa ìlà sí i kó ní àyè márùn-ún: ọjọ́, orúkọ ọjà pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀, iye tó bàjẹ́, iye owó tí wọ́n rà á, àti ìdí tó fi bàjẹ́. “Yógọ́ọ̀tì” nìkan kò tó. “Yógọ́ọ̀tì sitirọ́bẹ́rì, 500 ml” ni kí ẹ kọ. Iye owó tí wọ́n rà á, ọwọ́ akáǹtáǹtì tàbí ẹni tó ń gba ẹrù wọlé ló wà. Bí wọn kò bá fẹ́ sọ ọ́, ẹ lo iye tí ẹ ń tà á, kí ẹ sì kọ ọ́ sókè ewé náà pé iye títà lẹ lò, kí ẹnikẹ́ni má baà pè yín ní òpùrọ́ tó bá yá.

Àyè ìdí ló ṣe pàtàkì jù. Ọjà tó kọjá ọjọ́, ọjà tí òtútù kò tó, ọjà tí eku jẹ, ọjà tí oníbàárà já ṣí tó sì gbé padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù, ọjà tó ti bàjẹ́ kó tó dé láti ọ̀dọ̀ olùpèsè: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó yẹ kó dáhùn fún wọn. Bí gbogbo wọn bá wà lábẹ́ “ó bàjẹ́”, orí yín ni gbogbo ẹ̀ máa já lé.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ kọ ọ́ bó ti rí gan-an. Ẹ má fi kún un kí èyí tó ń bọ̀ lè dà bí iṣẹ́ ìyanu. Akáǹtáǹtì tó bá rí ibi kan tó wọ́ nínú ìwé yín kò ní gba ìyókù gbọ́. Lópin oṣù, ẹ ro owó ọjà tó bàjẹ́ pọ̀, ẹ fi iye tí ẹ̀ka yín tà pín in, kí ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ̀ka tó ta ₦3,000,000 tó sì da ọjà ₦90,000 nù, ìdá 3 nínú 100 ló bá ààtàn lọ. Bí oṣù kẹta bá fi ₦36,000 hàn lórí títà ₦3,000,000 kan náà, ó ti wálẹ̀ sí 1.2. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦54,000 lóṣù, ₦648,000 lọ́dún. Ẹni tó bá wá bèèrè àfikún ₦15,000 lóṣù, ₦180,000 lọ́dún ló ń bèèrè nínú ₦648,000 tó ti ọwọ́ ara rẹ̀ wá. Ọ̀gá tó mọ ìṣirò kò ní fojú alágbe wò ó.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ibi tí ọjà ti ń bàjẹ́ ní ti gidi, torí ibẹ̀ ni ₦90,000 ti ń di ₦36,000.

Ọjọ́ lára ọjà ló kọ́kọ́ gba ojú. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo ènìyàn ni pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ni kó kọ́kọ́ jáde. Kò burú fún ìrẹsì, ṣùgbọ́n kò tó fún wàrà. Olùpèsè lè gbé ọjà tí ọjọ́ rẹ̀ ti sún mọ́lé wá lónìí, lẹ́yìn tó ti gbé èyí tí ọjọ́ rẹ̀ jìnnà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, pàápàá tó bá fẹ́ pa ilé ẹrù tirẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára ike ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí èyí tó máa kọ́kọ́ parí wà níwájú. Ẹ ṣọ́ra fún ọjà òkèèrè: 03/04 lára ọjà tó ti Amẹ́ríkà wá lè túmọ̀ sí ọjọ́ 4 oṣù kẹta, nígbà tó jẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹrin lára èyí tó ti ìlú Òyìnbó London wá. Nǹkan bí oṣù kan ló wà láàárín méjèèjì, oṣù kan náà sì tó láti gbé ọjà tó ti kú sílẹ̀ fún oníbàárà.

Ọjà gbígbẹ bíi bísíkíìtì àti ọjà inú agolo, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó bá ku 90 ọjọ́. Tó bá ku 60, ẹ sọ fún súpáfáísà kó pe olùpèsè, bí àdéhùn bá wà pé wọ́n á gbà á padà. Tó bá ku 30, ẹ dá a lábàá pé kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Yógọ́ọ̀tì kò lè dúró dè yín tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ 10 ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀, ọjọ́ 4 tàbí 5 ni kí owó rẹ̀ ti wálẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ pé kó yá ni pé oníbàárà Èkó máa ń yẹ ọjọ́ wò. Ẹ̀dínwó lórí ọjà tó ku oṣù kan, ó máa rà á tayọ̀tayọ̀. Lórí èyí tó ku ọ̀la, ó máa rò pé májèlé lẹ fẹ́ tà fún òun. Orí WhatsApp ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún súpáfáísà, kí ọjọ́ àti aago wà lára rẹ̀. Ẹnu tí ẹ fi sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, kò sẹ́ni tó máa rántí rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka ọjà.

Fíríìjì ló kàn. Fíríìjì wàrà kò gbọdọ̀ kọjá 5°C, fírísà sì gbọ́dọ̀ wà ní −18°C. Nọ́ńbà tó ń tàn lára ẹ̀rọ, ojú ibi tí wọ́n fi nǹkan tó ń ka òtútù sí nìkan ló ń sọ. Ẹ wá tẹmómítà kékeré kan, ẹ fi í sáàárín ọjà ìlà iwájú, níbi tí ọwọ́ oníbàárà ń dé, torí ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbóná. Ẹ kà á ní aago 8 àárọ̀, aago 2 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn. Bí ẹ bá rí i pé ó gbóná tí iná sì wà, ẹ kọ́kọ́ wo ihò tí afẹ́fẹ́ tútù ń gbà jáde. Páálí tàbí ike tí ẹnì kan tì mọ́ ọn ló sábà máa ń fà á. Ẹ má sì to ọjà kọjá ìlà tí wọ́n fà sínú ẹ̀rọ náà. Ohun tó bá ga ju ìlà yẹn lọ, ìta ló wà bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ni ojú ń rí i.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí NEPA fi mú iná lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbà á kò ní pa ọjà. Fíríìjì tó ní ilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i, lè pa òtútù mọ́ fún bíi wákàtí 4. Òru ni wàhálà wà, nígbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀ ní aago 11 kí epo má baà tán, tí iná kò sì dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá ṣí ọpọ́n áísìkiriìmù láàárọ̀ tí ẹ rí yìnyín wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀, tí ìdérí rẹ̀ sì ti wọ́, ó ti yọ́ lóru, ó tún dì. Tẹmómítà aago 8 tó ka 11°C máa sọ òtítọ́ fún yín ṣáájú kí yógọ́ọ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wú lọ́sàn-án. Ẹ kọ ọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí súpáfáísà lójú ẹsẹ̀. Ìpinnu ẹni tó ni epo ló ba ọjà yẹn jẹ́, ìwé yín sì ti jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀ka ẹja dídì ni wọ́n ti máa ń fẹ̀sùn olè kan òṣìṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ omi ni olè náà lọ́pọ̀ ìgbà. Páálí tí wọ́n kọ 20 kílò sí lára, tí ẹ kò gbé sórí òṣùwọ̀n, lè jẹ́ 19.2 pẹ̀lú yìnyín lára. Bí ẹja bá ti ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú fírísà tí wọ́n ń ṣí ní gbogbo ìgbà, omi ń jáde, ìwọ̀n ń lọ sílẹ̀. Tí wọ́n bá wá fi 20 kílò tó wà nínú kọ̀ǹpútà wé ohun tí ẹ tà, ó dín. Ẹnu géètì ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé ẹrù. Ẹ kọ ìwọ̀n gidi sára ìwé méjèèjì, tiyín àti ti dírẹ́bà, kí dírẹ́bà náà sì fọwọ́ sí i.

Lórí òṣùwọ̀n tí ẹ fi ń tà, ẹ rí i pé ó wà ní òdo láàárọ̀, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n abọ́ tàbí ọ̀rá kúrò kí ẹja tó dé orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tí ẹ ń tẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì tẹ nọ́ńbà kòtè nígbà tó jẹ́ Titus lẹ wọ̀n, oníbàárà á lọ tayọ̀tayọ̀, kọ̀ǹpútà á wá sọ pé Titus dín, kòtè sì lé. Ẹ lẹ nọ́ńbà ẹja kọ̀ọ̀kan mọ́ ara òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba.

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ náà wà lọ́dọ̀ kásíà, àwọn tó ń tọ́jú núdùùsì, ọṣẹ àti ohun mímu ló sì ń jìyà rẹ̀. Oníbàárà gbé núdùùsì 5 wá, mẹ́ta jẹ́ ti adìẹ, méjì jẹ́ ti àlùbọ́sà. Kásíà mú ti adìẹ kan, ó fi ẹ̀rọ kà á, ó tẹ 5. Owó pé, kò sóhun tó sọnù. Ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, adìẹ 5 ti lọ, àlùbọ́sà kò lọ rárá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ka ọjà, àlùbọ́sà á dín 2, adìẹ á lé 2. Bí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ san owó àlùbọ́sà 2 tó dín, láìwo adìẹ 2 tó lé, owó ohun tó ti wọlé sínú àpò ilé ìtajà ni wọ́n tún ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ohun tó dín, ẹ wo àbúrò rẹ̀: adùn mìíràn, ìwọ̀n mìíràn, àwọ̀ mìíràn. Ẹ wo sítọ́ọ̀, ẹ wo ọjà tí oníbàárà fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ kásíà, ẹ wo èyí tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀nà fún ìpolówó. Ẹ máa ka ọjà 10 lójoojúmọ́ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn, láti inú èyí tó ń yá jù àti èyí tó wọ́n jù. Láàárín oṣù kan ẹ ti ka bíi 260. Kíka ọjà ọlọ́dọọdún kò ní bá yín lójijì mọ́.

Ti ẹ̀fọ́ àti èso kò gùn. Ẹ má to ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí máńgòrò tó ti ń pọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ewébẹ̀ àti kùkúńbà, torí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èso tó ń pọ́n ń mú kí àwọn yẹn pọ́n tàbí rọ kíákíá. Tòmátò tó ti Máìlì 12 dé, ẹ ṣà á lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan tó ti jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀ máa ń kó bá èyí tó yí i ká.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí wọ́n ń yọ. Àwọn ilé ìtajà kan wà tó jẹ́ pé bí ọjà ₦60,000 bá dín nínú ẹ̀ka kan, wọ́n á pín in sórí gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ nínú owó oṣù láìbéèrè. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Abala 5 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó kankan nínú owó òṣìṣẹ́ àfi èyí tí òfin fàyè gbà. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí tó bá jẹ́ àìbìkítà rẹ̀ ló fa àdánù, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ kó tó yọ iye tó bójú mu. Gbogbo ohun tí wọ́n sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù lọ. Ẹ ka gbólóhùn yẹn dáadáa: ọjà tó dín nínú kọ̀ǹpútà nìkan kò tíì fi hàn pé ẹnikẹ́ni ṣe àìbìkítà. Ìwé yín, pẹ̀lú àyè ìdí rẹ̀, ló máa sọ ibi tí ọjà gbà.

Ẹ gba lẹ́tà iṣẹ́ yín. Òfin kan náà, ní abala 7, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ iṣẹ́ rẹ̀, owó rẹ̀ àti wákàtí rẹ̀ kí oṣù 3 tó pé. Iye owó àṣekún iṣẹ́ kò sí nínú òfin náà, torí náà bí kò bá sí nínú lẹ́tà yín, kò sí ibi tí ẹ máa tọ́ka sí lọ́jọ́ tí wọ́n bá dá yín dúró di aago 11 alẹ́ nínú oṣù Kejìlá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi tó pé wákàtí kan lápapọ̀, ọjọ́ kan nínú 7 jẹ́ ti ìsinmi, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ó kéré tán jẹ́ ti ìsinmi ọdọọdún pẹ̀lú owó lẹ́yìn oṣù 12.

Owó oṣù tó kéré jù lọ fún gbogbo Nàìjíríà ti di ₦70,000 láti ọdún 2024, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n á sì máa tún un yẹ̀ wò. Kò kan ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, kò sì kan ẹni tó ń ṣe àbọ̀ iṣẹ́. ₦85,000 tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní 2024, òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ló wà fún. Ẹ má lọ bá ọ̀gá yín jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé ìtajà tó ní òṣìṣẹ́ 40 tó ń san ₦50,000 fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní kíkún, ó ń rú òfin.

Owó ìfẹ̀yìntì náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè gbọ́dọ̀ fi ìdá 10 nínú 100 kún ìdá 8 tí wọ́n ń yọ lára yín, lórí owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ ₦80,000, ₦6,400 ń kúrò lára yín, ₦8,000 sì ń ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ọjọ́ iṣẹ́ 7 ni wọ́n ní láti fi san án lẹ́yìn owó oṣù. Ẹ ní kí ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó náà fi ìṣirò ránṣẹ́ sí fóònù yín. Wọ́n lè kọ ọ́ sára ìwé owó oṣù pé àwọn yọ ọ́, kó má sì dé ibi tó ń lọ.

Ìṣirò kan wà tí ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe: owó ọkọ̀. Ká ní ₦2,000 lẹ ń ná lójúmọ́ láti Ìyànà-Ìpájà dé Lẹ́kí, ọjọ́ 26 lóṣù. ₦52,000 nìyẹn. Lára ₦70,000, ₦18,000 ló kù. Bí ilé ìtajà náà bá ní ẹ̀ka ní Agége tàbí Ìkẹjà tí owó ọkọ̀ ibẹ̀ jẹ́ ₦1,000, kí wọ́n gbé yín lọ síbẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú àfikún ₦26,000, kò sì ná ọ̀gá ní kọ́bọ̀. Ẹ bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lọ sọ ọ́, ẹ yan ọjọ́. Oṣù Kejìlá kò dáa, ilé ìtajà kún. Ọ̀sẹ̀ owó oṣù náà kò dáa. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé kíka ọjà, tí àbájáde rẹ̀ sì dára, ni kí ẹ gbà. Ẹ kọ ojú ewé kan péré: iye tó bàjẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́, iye tó bàjẹ́ ní oṣù kẹta, ohun mẹ́ta tí ẹ yí padà, iṣẹ́ tí wọ́n fi kún tiyín láti ìgbà tí ẹ dé, àti iye tí ẹ fẹ́, ní nọ́ńbà. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi nǹkan sí i” kò ní nọ́ńbà nínú, ₦2,000 sì lè jẹ́ ìdáhùn rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ní kò sówó, ẹ bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, oṣù wo ni yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, ẹ fi ohun tí ẹ jọ sọ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp: “Ẹ ṣé, sà. Mo dúró de oṣù Kẹrin bí ẹ ti sọ.”

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀bùn olùpèsè ba gbogbo iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹni tó ń to ọjà fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ á fún yín ní ₦5,000 kí ẹ lè gbé ọjà rẹ̀ síbi tí ojú ń tó. Ẹnu tó bá jẹ, ojú á tì. Lọ́jọ́ tí ọjà rẹ̀ bá kọjá ọjọ́, ẹ kò ní lè pè é pé kó wá kó o.

Bí ẹ bá mọ̀ ju ẹ̀ka kan lọ, owó yín máa yára lé sí i. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń gba ẹrù wọlé, tó sì mọ Excel débi pé ó lè ro àyè ìwé yẹn pọ̀ fúnra rẹ̀, ti ń sún mọ́ iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò ọjà fún gbogbo ilé. Ẹni tó mọ gígé ẹran tàbí yíyan búrẹ́dì, ilé ìtajà mìíràn máa ń wá a.

Bí ìdáhùn bá jẹ́ ìhalẹ̀, ẹ má dá nìkan dúró. Ẹgbẹ́ kan wà fún òṣìṣẹ́ ilé ìtajà, National Union of Shop and Distributive Employees, NUSDE, tó wà lábẹ́ NLC. Abala 40 nínú òfin ìpìlẹ̀ 1999 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti wọ ẹgbẹ́. Citizens’ Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá jókòó láìgba owó, Office of the Public Defender, tó ń bá aláìní rojọ́, náà kì í gba owó. Bí kò bá yanjú, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, National Industrial Court, ní ẹ̀ka ní Ìkòyí. Lẹ́tà iṣẹ́, ìwé owó oṣù, ìwé eléwé 60 yẹn: àwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ilé ìtajà, ẹ̀yin tí lẹ́tà yìí bá dé ọwọ́ yín, a bẹ̀ yín, ohun kan péré. Ẹ fi iye tí ẹ rà ọjà hàn fún òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì ṣàdéhùn pé bí àdánù ẹ̀ka rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ fún oṣù 3 léraléra, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó gbà là máa wọ owó oṣù rẹ̀. Nínú ₦54,000 tí a sọ lókè, ₦13,500 nìyẹn. ₦40,500 tó kù, tiyín ni.

Ẹ̀yin àbúrò wa, bí ẹ bá ń kúrò níbi iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn, ẹ má kó ìwé ìṣirò ilé ìtajà tàbí iye owó tí wọ́n ń rà ọjà lọ bá àwọn tí wọ́n jọ ń tà á. Ẹ kọ àkópọ̀ tiyín: ẹ̀ka tí ẹ tọ́jú, iye oṣù, ìdá tí àdánù wà nígbà tí ẹ dé, ìdá tó wà nígbà tí ẹ lọ. Ìlà mẹ́rin ni. Ẹ fi í sókè lórí CV yín, ṣáájú orúkọ ilé ìwé.

Àwa ni,
Àwọn ẹ̀gbọ́n yín nídìí iṣẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù, sítọ́ọ̀ àti ìṣirò ọjà,
Èkó.